Ta ló ti Bràsíl wọ ogun Hítílà?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ dákun ẹ bá wa dá ẹjọ́ kan. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí láti àná. Ó ní kò sí orílẹ̀-èdè tí ogun ń fà wọlé tipátipá, pé ẹni tó bá wọ ogun ló fẹ́ wọ̀ ọ́. Èmi ní irọ́ ni, pé o lè jókòó sílé rẹ jẹ́jẹ́ kí wọ́n wá ká ọ mọ́bẹ̀. Ẹ má fi Pearl Harbor dá mi lóhùn o, torí Amẹ́ríkà ti ń kó ìbọn fún Gẹ̀ẹ́sì tipẹ́ kí Jàpáànì tó gbá wọn. Ìlú tó ní òun ò bá ẹnikẹ́ni jà ni mo ń wá. Ṣé irú ẹ̀ wà? Báwo ni wọ́n ṣe ń bára wọn nínú ẹ̀?

* * *

Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre díẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì lẹ sì jẹ̀bi. Mo ní ìlú kan fún yín: Bràsíl. Bí a bá ti dárúkọ Bràsíl, bọ́ọ̀lù àti àwọn Àgùdà ló máa ń sọ sí wa lọ́kàn, kì í ṣe ogun Hítílà. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹsàn-án 1939 tí ogun bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ní àwọn ò dá sí i. Ọdún mẹ́ta ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pé lórí ọ̀rọ̀ yẹn, kí ọjọ́ márùn-ún péré tó yí gbogbo ẹ̀ padà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun kan kí ẹ lè rí i bó ṣe rí. Nígbà yẹn, kò sí títì tó já gaara láti Rio de Janeiro lọ sí apá àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ náà, ojú irin kò sì dé ibẹ̀ tààrà. Ẹni tó bá ń lọ láti Rio sí Salvador tàbí Recife, ọkọ̀ ojú omi ló máa wọ̀, bí àwa ṣe ń wọ bọ́ọ̀sì láti Ojọ́ta lọ sí Ìlọrin. Ìyá àti ọmọ, oníṣòwò, sójà tí wọ́n gbé lọ sí ìlú míì, ọkọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń wọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ 1942, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì kan, U-507, tí Harro Schacht jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, fi tọ̀pídò, ìyẹn bọ́ǹbù tó ń gba inú omi rìn, lu ọkọ̀ èrò Baependy ní etíkun Sergipe. Ìṣẹ́jú mélòó kan ló fi rì. Nínú èèyàn 306 tó wà nínú ẹ̀, 36 ló yè. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ó ti bá Araraquara náà, èèyàn 131 ló bá a lọ. Aníbal Benévolo tẹ̀lé e, 150 kú, èèyàn mẹ́rin ló jáde. Ọjọ́ 17, ó bọ́ sí etíkun Bàhíà, ó lu Itagiba. Ọkọ̀ ẹrù kan, Arará, yà síbẹ̀ láti wá kó àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ kiri. Ibi tó dúró sí tó ń fa èèyàn jáde nínú omi ni Schacht ti lu òun náà. Ọjọ́ 19 ló wá rì ọkọ̀ onígbòkun kékeré kan, Jacyra, kò sẹ́ni tó kú nínú ìyẹn. Òkú lé ní 600 lápapọ̀. Omi ń gbé òkú àti ẹrù èrò wá sórí iyanrìn Sergipe.

Lọ́jọ́ 18, nígbà tí ìròyìn tàn, ìgboro dàrú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde, òṣìṣẹ́ jáde, èrò wọ́ lọ sí ààfin Guanabara ní Rio pé ogun làwọn fẹ́. Wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Jámánì àti Ítálì káàkiri. Ọjọ́ 22, ìjọba Getúlio Vargas sọ pé àwọn àti Jámánì pẹ̀lú Ítálì ti di ọ̀tá lójú ogun. Ọjọ́ 31, ó di òfin.

Ìdáhùn kúkúrú nìyẹn. Mo mọ̀ pé kò ní tẹ́ yín lọ́rùn.

* * *

Ó dáa. Ó kéré tán, èèyàn mẹ́fà ti kọ ọ́ sábẹ́ èyí tí mo kọ pé, “Ṣé ẹ rí i? Wọ́n jókòó jẹ́jẹ́ wọn ni Hítílà wá pa wọ́n.” Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀ o. Ẹ ti sáré ju ọ̀rọ̀ lọ.

Vargas yìí kì í ṣe ọmọ jẹ́jẹ́. Láti 1930 ló ti wà lórí àlééfà. Oṣù kọkànlá 1937 ló ti ilé aṣòfin pa, ó di apàṣẹ wàá, ó sì sọ ìjọba náà ní Estado Novo, ìyẹn Ìjọba Tuntun. Àwọn ọ̀gágun rẹ̀ méjì tó lágbára jù, Eurico Dutra tó jẹ́ mínísítà ètò ogun àti Góes Monteiro tó jẹ́ olórí àwọn ọ̀gágun, bí sójà Jámánì ṣe ń ṣe tiwọn ń wù wọ́n. Oswaldo Aranha, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ló dúró ti Amẹ́ríkà gbọn-in. Vargas jókòó sáàárín wọn, ó ń fa sìgá gbọọrọ rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ibi tí òun ń lọ.

Kí ogun tó dé, Jámánì ń kó òwú àti kọfí wọn, ó sì ń fi ẹ̀rọ àti ọjà san án dípò owó lásán. Òwò náà gbóná débi pé ó ń bá Amẹ́ríkà dupò níbẹ̀. Ní 1938 wọ́n bá ilé iṣẹ́ Krupp ti Jámánì ṣe àdéhùn ìbọn ńláńlá. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú Vargas ń pọ́n sí jù ni ilé iṣẹ́ irin. Òkúta irin ń bẹ nílẹ̀ wọn bí ẹrùpẹ̀, ibi tí wọ́n á ti yọ́ ọ dé ìwọ̀n ni wọn ò ní. (Ẹni tó bá mọ ìtàn Àjàòkúta, kó máa rẹ́rìn-ín lọ.)

Ọjọ́ 11 oṣù kẹfà 1940, nígbà tí Faransé ń wó lọ, Vargas gun orí ọkọ̀ ogun Minas Gerais, ó yin àwọn orílẹ̀-èdè alágbára tó ń la ọ̀nà tuntun. Ara Washington ò balẹ̀. Oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni báǹkì Export-Import ti Amẹ́ríkà gbà láti yá a ní 20 mílíọ̀nù dọ́là fún ilé iṣẹ́ irin ní Volta Redonda. A máa ń sọ pé ẹyẹ bà lé okùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ ẹyẹ. Ẹyẹ tiwọn yìí ń gbowó lọ́wọ́ okùn ni.

Nípa “kí wọ́n ṣáà ti dákẹ́” tí ẹnìkan kọ: mo fi ọdún mọ́kànlá ṣe akọ̀wé ẹrù ní wọ́ọ̀fù Àpápá, ohun tí wọ́ọ̀fù sì kọ́ mi ni pé bí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń wo àsíá tó wà lórí ọkọ̀. Ìwé ẹrù ni wọ́n ń béèrè. Ta ló ni ín? Ta ló ń retí ẹ̀? Mo ti rí ọkọ̀ tó jókòó sójú omi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nítorí orúkọ ẹnìkan lórí ìwé kan ṣoṣo, tí ìrẹsì inú ẹ̀ sì ń bu. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún Bràsíl. Oṣù kọkànlá 1940, Gẹ̀ẹ́sì dá ọkọ̀ wọn Siqueira Campos dúró lẹ́yìn tó kúrò ní Lisbon, ó wọ́ ọ lọ sí Gibraltar, torí ìbọn Krupp ló kó, bẹ́ẹ̀ sì rèé ọjà tí wọ́n rà ni. Amẹ́ríkà ló bá wọn bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Oṣù kẹta 1941, bàálù Jámánì rọ̀jò ọta lé Taubaté lórí nínú òkun Mẹditaréníà, àsíá Bràsíl wà lórí ẹ̀ gbangba, ọkùnrin kan kú. Ọ̀tún ń gbá wọn létí, òsì ń gbá wọn létí, wọn ò tíì bá ẹnikẹ́ni jà.

Síbẹ̀, èyí nìkan kọ́ ló gbé wọn wọlé. Ilẹ̀ ni. Ẹ wo máàpù. Ibi tí Bràsíl ti yọ imú jáde sójú òkun ni Natal wà. Láti ibẹ̀ sí Dakar, tó wà lábẹ́ Faransé ní Áfíríkà nígbà yẹn, nǹkan bíi 3,000 kìlómítà ni. Lẹ́yìn tí Faransé wó, ẹ̀rù ń ba Amẹ́ríkà pé Hítílà lè ti Dakar fò wá. Lọ́nà kejì ẹ̀wẹ̀, bàálù Amẹ́ríkà tó bá fẹ́ lọ sí Áfíríkà àti Íjíbítì, Natal ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ní 1941 Vargas gbà kí ilé iṣẹ́ Pan American máa tẹ́ pápá bàálù ní Natal, Recife, Belém àti Salvador, kó lè dà bí òwò lásán. Àpò ìjọba Amẹ́ríkà ni owó náà ti ń jáde. Àwọn ọ̀gágun Amẹ́ríkà tiẹ̀ ti kọ ètò sílẹ̀ bí wọ́n ṣe máa fi agbára gba agbègbè yẹn bí Vargas bá kọ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn nígbà tí ẹ bá ń sọ pé ó fẹ́ràn wọn.

Jàpáànì wá lu Pearl Harbor. Oṣù kìn-ín-ní 1942, àwọn mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè láti Amẹ́ríkà ti àríwá àti ti gúúsù pàdé ní Rio. Àwọn aṣojú Jámánì, Ítálì àti Jàpáànì kọ̀wé sí Aranha pé bí wọ́n bá já okùn àjọṣe, nǹkan lè di ogun. Dutra àti Góes Monteiro sọ fún Vargas pé àwọn ò ní ohun ìjà tó tó jà. Òótọ́ ni wọ́n sọ, àwọn méjèèjì. Vargas ní kí Amẹ́ríkà ṣèlérí ohun ìjà ná. Wọ́n ṣèlérí. Ọjọ́ 28, Aranha dìde, ó ní okùn ti já. Ọjọ́ 16 oṣù kejì, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì rì Buarque ní etíkun Amẹ́ríkà. Ọjọ́ 3 oṣù kẹta, wọ́n bu ọwọ́ lu ìwé ní Washington: ohun ìjà tó tó 200 mílíọ̀nù dọ́là, kí Bràsíl máa kó rọ́bà àti àwọn èròjà míì wá. Oṣù karùn-ún, bàálù ogun Bràsíl ju bọ́ǹbù lu ọkọ̀ abẹ́ omi Ítálì kan, Barbarigo, tó ti kọ́kọ́ kọlu ọkọ̀ wọn. Ìjọba fúnra ẹ̀ ló kéde ẹ̀, wọn ò fi bò.

Torí náà nígbà tí Schacht dé ní oṣù kẹjọ, Bràsíl kò sí láàárín mọ́. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ni ẹnikẹ́ni ò sọ fún.

* * *

Ẹni tó ní “Amẹ́ríkà ló rì àwọn ọkọ̀ yẹn kí Bràsíl lè wọ ogun”: mo ti ń retí yín, ẹ pẹ́ kí ẹ tó dé.

Ahesọ yìí kì í ṣe tuntun. Àwọn ará Bràsíl náà ti ń sọ ọ́ tipẹ́, ẹ sì rí i pé ó dùn lẹ́nu. Ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ U-507 wà o. Ọjọ́ àti wákàtí inú ẹ̀ bá ti àwọn ọkọ̀ tó rì mu. Ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ni Schacht ti ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ ṣe bó ṣe wu òun ní etíkun Bràsíl, wọ́n sì gbà fún un. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kí ni Amẹ́ríkà tún fẹ́ fi ṣe? Pápá bàálù ti wà lọ́wọ́ wọn. Rọ́bà ti wà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí wọ́n ti gbé kọ́kọ́rọ́ ilé fún, ṣé ó tún máa lọ ja ilẹ̀kùn?

Ìbéèrè tó le, tí ẹnikẹ́ni nínú yín ò tíì béèrè, ni pé kí ni Jámánì rí nínú ẹ̀? Ọkọ̀ èrò àti ọkọ̀ onígbòkun. Kò sí ọkọ̀ ogun kan níbẹ̀. Lóòótọ́, sójà wà nínú Baependy àti Itagiba, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àgbá kan tó ń lọ sí Recife, bóyá ẹ máa fi ìyẹn gbè é. Oṣù kẹfà ni àwọn ológun ojú omi Jámánì ti ń pète láti kó ọ̀wọ́ ọkọ̀ abẹ́ omi lọ bá àwọn èbúté Bràsíl, wọ́n wá so ọ̀rọ̀ náà rọ̀, torí wọn ò fẹ́ kí Argẹntínà àti Chile náà bínú. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, wọ́n jẹ́ kí ọ̀gá ọkọ̀ kan ṣoṣo lọ ṣe ohun tí wọ́n ti rò pé kò dáa. Èmi rò pé ojú tí wọ́n fi ń wo Bràsíl ló fà á: wọn ò kà á sí. Oṣù kìn-ín-ní 1943, bàálù Amẹ́ríkà bá U-507 ní etíkun Bràsíl kan náà, ó rì í. Gbogbo èèyàn 54 inú ẹ̀ kú, Schacht náà wà níbẹ̀.

* * *

“Kí ló kàn wá níbẹ̀?”

Ọ̀gbẹ́ni, bàálù tó bá gbéra ní Natal, erékùṣù Ascension ló máa bà sí, ó di Accra, ó di Kano àti Maiduguri, kó tó forí lé Khartoum àti Cairo. Orí wa ni wọ́n gbà kọjá. Àti pé etíkun Bàhíà ni mo ń sọ, níbi tí wọ́n ti ń fi èdè wa kọrin fún òrìṣà. Ṣé ẹ rò pé àwọn ọmọ Nàgó ò sí nínú ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú tó ń ná etíkun wọn?

Àwa tiẹ̀ ńkọ́? Lọ́jọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì kéde ogun ní 1939 la ti wà nínú ẹ̀, kò sẹ́ni tó bi wá. Ìyá mi àgbà kì í sọ̀rọ̀ Hítílà kó má sọ̀rọ̀ iyọ̀. Ó ní iyọ̀ di ohun tí wọ́n ń fi ìka mú sínú ọbẹ̀, kì í ṣe síbí. Vargas rí nǹkan tà kó tó wọlé. Àwa, wọ́n kàn gbé wa wọlé pẹ̀lú àga àti tábìlì.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ohun tí wọ́n béèrè.

* * *

Ẹnìkan ní mo ń lọ́ ọ̀rọ̀ pọ̀, pé “pápá bàálù lásán” ni Bràsíl yá wọn, kì í ṣe ìbọn. Ẹ gbọ́ ìtàn kan.

Mushin la gbé nígbà tí mo wà ní kékeré. Ilé méjì tó kọjú sí tiwa, tí wọ́n fara ti ara wọn, ń jà lórí gọ́tà. Bàbá mi kì í dá sí i. Bí ariwo bá ti bẹ̀rẹ̀, á wọlé, á tan rédíò. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin tó ni ọ̀kan nínú ilé náà wá yá àkàsọ̀ wa, ó ní òun fẹ́ tún páànù ṣe. Bàbá mi gbé e fún un. Àkàsọ̀ yẹn ni wọ́n fi gun ògiri lóru lọ bá ìkejì, wọ́n sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, a bá dúrọ́ọ̀mù omi wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níwájú ilé, wọ́n ti fi ìṣó dá a lu yíká, ilẹ̀ tutù láti ẹnu ọ̀nà wa dé títì. Bàbá mi káwọ́ lérí, ó ń wí pé, “Àkàsọ̀ lásán ni mo yá a o. Àkàsọ̀ lásán!” Ìyá mi wò ó, ó ní, “Bàbá wa, ṣé ẹ bi í ohun tó fẹ́ fi gùn?”

Ẹni tó dá dúrọ́ọ̀mù wa lu ò bi wá bóyá a mọ̀. Ó mọ àkàsọ̀ wa.

Ṣùgbọ́n mo gbà pé ọ̀rọ̀ náà kì í lọ báyìí níbi gbogbo, ẹni tó dárúkọ Pọ́túgà sì mú mi níbi tó dùn mí. Oṣù kẹwàá 1943, Salazar, olórí Pọ́túgà, jẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì lo erékùṣù Azores tó jẹ́ tiwọn fún bàálù. Àkàsọ̀ pátápátá! Kò wọ ogun. Kí ló fà á? Ní 1943 yẹn, Jámánì kò lówọ́ tó lè fi bá a jà mọ́, Salazar sì ṣì ń ta òkúta wolfram tí wọ́n fi ń ṣe ohun ìjà fún wọn, kò dá a dúró títí di oṣù kẹfà 1944. Swídìn ta irin fún Jámánì, ó tún jẹ́ kí sójà wọn gba ilẹ̀ òun kọjá. Òun náà ò wọ ọ́. Ẹni tí o bá ṣì wúlò fún, á mú sùúrù fún ọ.

Nọ́wè ní tiẹ̀ ò yá ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Jámánì gbógun wọ ibẹ̀ ní ọjọ́ 9 oṣù kẹrin 1940 nítorí etíkun ẹ̀, àti nítorí irin Swídìn tó ń gba èbúté Narvik níbẹ̀ jáde. Torí náà ìwọ tó béèrè, ìlú tí wọ́n ká mọ́lé jẹ́jẹ́ wà, Nọ́wè nìyẹn. Mo kàn mọ̀ pé bí mo bá fi bẹ̀rẹ̀ ni, a ò ní rí nǹkan jà lé lórí.

Argẹntínà ló wù mí kí ẹ wò dáadáa. Oṣù kẹfà 1942, oṣù méjì ṣáájú Baependy, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì rì ọkọ̀ wọn Río Tercero. Tọ̀pídò kan náà, òkun Àtìláńtíìkì kan náà. Jámánì tọrọ àforíjì. Ó parí síbẹ̀. Fún Bràsíl, kò sẹ́ni tó tọrọ àforíjì kankan, torí ìwé ti wà ní Washington, pápá bàálù ti wà ní Natal. Ohun tí mo ń bá yín jà lé lórí láti àárọ̀ nìyẹn: ẹ ń wo tọ̀pídò, èmi ń wo ìwé.

* * *

Ẹni tó fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ìyà kọ́kọ́ jẹ àwọn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nílé. Àwọn ọmọ Jámánì, Ítálì àti Jàpáànì pọ̀ ní gúúsù Bràsíl, ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n bí síbẹ̀. Vargas ti ti ilé ẹ̀kọ́ elédè òkèèrè wọn pa kí ogun tó dé. Nígbà tó dé tán, ẹni tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ ní gbangba lè dèrò àtìmọ́lé. Epo bẹntiróòlù wọ́n. Wọ́n gbé àdògán irin sẹ́yìn mọ́tò, wọ́n ń fi èédú dáná sínú ẹ̀, kí afẹ́fẹ́ rẹ̀ máa gbé ẹ́ńjìnnì.

Rọ́bà tí wọ́n kọ sínú ìwé Washington ńkọ́? Wọ́n kó ọkùnrin tó lé ní 50,000, àwọn tí ọ̀dá ti lé kúrò lóko ní àríwá ìlà-oòrùn, lọ sínú igbó Amazon láti lọ kọ rọ́bà. Sójà rọ́bà ni wọ́n ń pè wọ́n. Ibà, ebi àti gbèsè ọ̀gá pa ọ̀pọ̀ wọn sínú igbó, àwọn tó kú níbẹ̀ sì ju àwọn tó kú lójú ìjà lọ fíìfíì. Òfin ilẹ̀ wọn ti 1988 ló tó fún àwọn tó ṣẹ́ kù ní owó ìfẹ̀yìntì. Ẹ ka ọdún náà.

Àwọn sójà gidi lọ pẹ̀lú. Àwọn èèyàn ti ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ pé ejò á kọ́kọ́ mu kòkó tábà kí Bràsíl tó jà. Wọ́n lọ ya ejò tó ń mu kòkó sí apá aṣọ ogun wọn. Ọjọ́ 2 oṣù keje 1944 ni ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ kúrò ní Rio. Àwọn tó lọ Ítálì lápapọ̀ lé ní 25,000, ọ̀gágun Mascarenhas de Moraes ló kó wọn. Wọ́n gba òkè Monte Castello ní oṣù kejì 1945 lẹ́yìn tó ti lé wọn padà léraléra. Ní òpin oṣù kẹrin, odidi ẹgbẹ́ ọmọ ogun Jámánì kan juwọ́ sílẹ̀ fún wọn ní Fornovo. Dúdú, funfun, àdàlú, ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n wà. Ẹ̀gbẹ́ wọn níbẹ̀, Amẹ́ríkà kó sójà dúdú tiẹ̀ sọ́tọ̀ gédégédé.

Wọ́n dé ilé ní 1945. Àwọn tó lọ bá apàṣẹ wàá jà ní Ítálì bá apàṣẹ wàá tiwọn lórí àga. Ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún náà, àwọn ọ̀gágun rẹ̀ ní kó dìde. Góes Monteiro wà lára wọn. Dutra ló di ààrẹ. Ilé iṣẹ́ irin Volta Redonda bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1946, ó ń yọ́ irin títí dòní. Mo sọ ìyẹn nítorí àwọn tó ní Vargas ò rí nǹkan kan gbà.

* * *

Ìwọ tó béèrè tún padà wá pé, “Bàbá, ta ló wá jàre, èmi tàbí ọ̀rẹ́ mi?” Tó bá jẹ́ Vargas lẹ ń sọ, ọ̀rẹ́ rẹ. Tó bá jẹ́ àwọn tó sanwó ọkọ̀ lọ sí Recife, ìwọ.

Ẹnìkan béèrè bóyá ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Bràsíl á wọ irú ogun bẹ́ẹ̀. Rárá o. Nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́ náà, wọ́n ní àwọn ò dá sí i. Oṣù kẹrin 1917, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì rì ọkọ̀ wọn Paraná, wọ́n já okùn àjọṣe. Oṣù kẹwàá, Jámánì tún rì Macau, wọ́n kéde ogun ní ọjọ́ 26. Láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá yẹn, wọ́n gba ọkọ̀ Jámánì tó lé ní 40 tó wà ní èbúté wọn, wọ́n kùn ún, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà, wọ́n sì ń fi kó èrò àti ẹrù lọ.

Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Tijuca. Hamburg ni wọ́n ti kàn án ní 1899. Orúkọ tuntun tí wọ́n fún un ni Baependy.